Fìtílà Àbẹ̀kẹ́ Tí Mo Fi Ọwọ́ Mi Gé

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìjókòó abẹ́ máńgòrò, ẹ kú ariwo òòlù tí kì í jẹ́ kí ará Gouka sùn lọ́sàn-án. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ìlú Faransé níbí, níbi tí òtútù ti ń jẹ mí dé eegun. Màmá mi, mo kí yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n Màmá tó wà ní Tchetti àti gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí, ẹ dákun, ẹ má fo ìlà kankan, bó ti wù kó korò tó.

Màmá sọ fún mi lórí fóònù pé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ti rí fọ́tò mi, èyí tí wọ́n gbé sínú ìwé ìròyìn níbí, èmi pẹ̀lú fìtílà agolo lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ jó. Gbangba ni wọ́n ti yìn mí, gbangba náà ni màá ti jẹ́wọ́. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ tí mo wà, àga àti àtùpà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní ohun tí ẹlòmíràn dà nù làwọn ń sọ di ọjà, kí ayé má bàa bàjẹ́. Ọdún méjì ni mo fi gbálẹ̀ fún wọn, tí mo ń ṣa pàǹtí sínú garawa: ìgò lọ́tọ̀, páálí lọ́tọ̀, agolo sínú garawa yẹ́lò. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa obìnrin ní òun ń wá ohun èlò tó ṣeé tú palẹ̀, tó ṣeé tún ṣe, tó sì ṣeé tò padà. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ṣebí iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn. Ọjọ́ kejì ni mo gbé fìtílà Àbẹ̀kẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò mọ̀. Bàbá mi kì í ra agolo fi ṣe fìtílà. Ẹni tó bá fẹ́, kó gbé agolo ilé rẹ̀ wá. Àwòrán ara agolo náà, inú ni wọ́n ń yí i sí, kí onílé lè mọ̀ pé tòun ni. Wọn kì í lo òjé, wọn kì í lo ìṣó, kíká ni wọ́n ń ká a pọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ni àbúrò mi. Ibà pa á kó tó lè rìn. Mílíìkì tí wọ́n rà fún un ní Savalou, kò mu ún dé ìdajì. Agolo yẹn ni Bàbá fi ṣe fìtílà, òun sì ni à ń tàn lọ́jọ́ ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí mò ń bọ̀ níbí, Bàbá gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní kí n má dá lọ, kí n mú àbúrò mi dání.

Ọ̀gá béèrè lọ́wọ́ mi pé báwo la ṣe ń ṣí i. N kò mọ̀. Bàbá, ẹ pè mí títí nígbà kékeré pé kí n wá wò ó, èmi á fi ìka di etí, màá gbé ìwé Faransé mi dání, màá ní èmi kọ́ ni màá máa lu agolo kiri. Ojú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú wọn. Mo mú àlùmọ́gàjí. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo gé e láti òkè dé ìdí, ó sì ya. Àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ló wà nínú, àárín ojú rẹ̀ gan-an ni mo gé kọjá. Ìgbà yẹn ni mo wá rí ahọ́n agolo kékeré kan nísàlẹ̀, tí ẹ ká mọ́ra. Ká ní mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ni, gbogbo rẹ̀ ì bá tú láìfara pa. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́, ó tú u, ó dá a padà. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi.

Wọ́n kó mi jáde lọ jẹun. Nígbà tí mo padà wá kó agolo náà, kò sí mọ́. Ẹni tuntun tí a jọ ń gbálẹ̀ ti dà á sínú garawa yẹ́lò, ọkọ̀ ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Mo bú u. Ó ní ṣebí èmi ni mo kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá gbá mi léjìká, ó ní kí n má bínú, pé kò sóhun tó ń ṣòfò níbí, yóò di nǹkan mìíràn.

Ní báyìí, wọ́n ti ń ṣe irú fìtílà náà tà; ọ̀kan nínú rẹ̀ ni mo gbé dání nínú fọ́tò. Agolo tuntun ni wọ́n fi ń ṣe é, torí àlòkù kì í dọ́gba. Wọ́n á wá fi ọ̀dà kùn ún kó lè dà bí èyí tó dípẹtà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Níbí, wọ́n ń rán àkísà tuntun.

Bàbá, ẹ ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá pé ara yín kò gbé kánkán mọ́, pé kí n fi fìtílà náà ránṣẹ́ kí ẹ lè tàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti fi ọ̀kan nínú fìtílà tiwọn sínú páálí. Mo fi èéfín kùn ún. Mo ní ojú yín ti ṣókùnkùn, ẹ kò ní mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo di ojú tèmi, mo fi àtàǹpàkò tẹ ahọ́n rẹ̀ bí ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí. Mo fi ìka kan inú rẹ̀, ó ń dán, kò sí àwòrán, kò sí ọmọ. Mo bá tú páálí náà ká.

Nítorí náà, ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n má retí ẹrù. Kí Ọlọ́run dá yín sí kí n lè wá jókòó nídìí òòlù yẹn, kí n sì kọ́ ohun tí mo kọ̀. Bí ẹ bá sì ní kí n má fẹsẹ̀ kan Gouka mọ́, ó tọ́ sí mi. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ bá mi kí ará oko Atokoligbé. Ọjọ́ ìrántí, bí wọ́n bá béèrè fìtílà Àbẹ̀kẹ́, ẹ ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gé e.

Èmi ni, ọmọ yín kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù,
Bíọ́dún