Ẹni Tí Kò Kágò

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù kẹta

Wassilatou ló ń kọ ọ́. Ìyàwó Husseini ọmọ mi ni. Ó ka ìwé Faransé títí dé ibi tí agbára bàbá rẹ̀ dé, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ èdè wa níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin. Èmi kò mọ̀wé, mi ò sì ní kọ́ ọ mọ́. Ohun tí mo bá wí ni kó kọ. Kó má fi tirẹ̀ kún un, kó má sì yọ èyí tí kò bá dùn mọ́ ọn nínú.

Ìdí tí mo fi ń ṣe é: ní biró kan, ilé iṣẹ́ ìjọba ní Bassila, wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni mo gbọ́ ohùn ọmọ mi kẹ́yìn. Mo ní ọjọ́ tí a wa iṣu tó gbẹ̀yìn ní oko ẹ̀yìn odò. Ọkùnrin náà gbé bíìkì tó fi ń kọ̀wé sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ìyẹn kì í ṣe ọjọ́."

Ó dáa. Láti òní lọ, gbogbo nǹkan á máa ní ọjọ́.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ti kọjá. Husseini kò wá. Kò sí ọdún tí kì í wá. A pa àkùkọ, a jẹ ẹ́. Ẹran rẹ̀ le.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù kẹta

Kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kajú ti gba ilẹ̀ iṣu ní Manigri níbí. Èmi gan-an wà lára àwọn tó gbìn ín. Husseini ní òun ò lè máa ṣa èso nílẹ̀ bí adìyẹ, iṣu ni òun mọ̀ ọ́n gbìn. Òun àti Idrissou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Doguè, lọ wá ilẹ̀ tuntun ní ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, létí ààlà Nàìjíríà. Wọ́n kọ́ abà síbẹ̀. Gbogbo Jímọ̀ ló ń fóònù.

Ní ìparí oṣù kọkànlá, ọkọ̀ òfurufú kan láti ìhà Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí agbègbè yẹn. Rédíò ní àwọn oníbọn tó ń jí èèyàn gbé ni wọ́n ń lé. Láti ìgbà yẹn, fóònù Husseini kò dún mọ́. Ti Idrissou náà kò dún.

Àwọn ará ọ̀hún ní ìhà tiwọn ni bọ́ǹbù bọ́ sí. Àwọn kan níhìn-ín ní rárá, ilẹ̀ wa ni. Àwọn mìíràn ní kò sí ọkọ̀ kankan tó wọ ojú ọ̀run wa. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ta ló wà nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹta

Onímú tún ń pariwo lórí rédíò. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Onímú, torí imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Suferenetẹ, suferenetẹ, ọ̀rọ̀ Faransé kan, títí bátìrì fi fẹ́ kú. Mo bi Wassilatou pé kí nìyẹn. Ó rò ó. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ agbo ilé èèyàn láìkágò.

Àgò. Ṣé àgò ni wọ́n ń jà sí láti oṣù kọkànlá? Ó ní òun ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò burú nígbà náà. Ẹni tó bá wọlé mi láìkágò, màá bínú. Ṣùgbọ́n tó bá wọlé, tó pa ọmọ mi, mi ò ní dúró sórí ọ̀rọ̀ àgò.

Wassilatou dẹ́kun kíkọ. Ó ní, "Ìyá, ẹ ní 'tó pa'."

Mo ní tó bá pa. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àlàmísì, 26 oṣù kẹta

Oníwọ̀n wá. Ará Alédjo tó ń ra kajú, tó ń so ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Wassilatou ní Soulé ni orúkọ rẹ̀, kí n jẹ́ kí òun kọ Soulé. Kọ Oníwọ̀n.

Ó kágò lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró sínú oòrùn. Mi ò dá a lóhùn. Mi ò dá a lóhùn rí. Al-Amin, ọmọ Husseini, ló máa ń sáré jáde lọ sọ pé àgò yà. Ìyàwó ọkùnrin náà ti kú. Kì í rẹ́ ni jẹ, mo ti ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ìdúró ló fi ń wọn kajú àwọn ará ilé kejì. Tiwa, ó máa ń jókòó wọ̀n ọ́n ni.

Lónìí ó ní kajú wa mọ́ bí ọwọ́ ẹni tó ṣà á. Wassilatou rẹ́rìn-ín. Mo wúkọ́.

Ó ń rẹ́rìn-ín báyìí náà, bó ṣe ń kọ ọ́.

Jímọ̀, 27 oṣù kẹta

Fóònù kò dún.

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù kẹta

A padà sí biró yẹn ní Bassila, èmi àti Wassilatou. Ọkùnrin náà bi wá pé ìhà wo ni abà náà wà. Tó bá wà lọ́hùn-ún, kí a lọ bi àwọn ará ọ̀hún. Tó bá wà níhìn-ín, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín.

Mo ní ibi tí iṣu ti ń ta dáadáa ló wà.

Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé kí lọmọ mi ń ṣe láàárín àwọn oníbọn. Mo ní ebè ló ń kọ. Mo dìde. Ó bu omi fún mi kí n tó jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

A wọ tákìsì padà sí Manigri. Wassilatou di apá mi mú. Mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 oṣù kẹta

Onímú ní ìjọba méjèèjì máa jókòó, wọ́n á wọn ààlà lákọ̀tun. Kí wọ́n mú Oníwọ̀n dání. Òun kì í rẹ́ ni jẹ.

Àlàrùbá, 1 oṣù kẹrin

Òjò àkọ́rọ̀. Mo lọ fa koríko lórí Hassani lẹ́yìn ilé. Ìkejì Husseini ni. Òun ló kọ́kọ́ wáyé, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi lọ. Èyí, mo mọ ibi tó wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 oṣù kẹrin

Wassilatou mú Al-Amin lọ sí ọjà Bassila. Àlejò kan wá. Ó kágò, mo dá a lóhùn. Ó jẹun díẹ̀. Ó lọ kí wọ́n tó dé.

Wassilatou ń bi mí pé ta ni. Kọ "àlejò kan".

Ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù kẹrin

Kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹrin

Kò sí. Wassilatou ní kí ló dé tí mo fi pe òun wá jókòó nígbà náà. Kọ pé kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù kẹrin

Mo lọ sílé Àfáà Chérif. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ kan, mo ní ẹnì kan ló rán mi. Ìdáhùn rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì. Kò yí i padà.

Àlàrùbá, 8 oṣù kẹrin

Oníwọ̀n kágò. Al-Amin wà nílé-ìwé, Wassilatou wà nídìí ẹ̀rọ omi. Mo jókòó sínú yàrá, mò ń wò ó lójú fèrèsé. Kò wọlé. Ó tún kágò. Ó dúró títí òógùn fi rin ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó wá gbé ìwọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Wassilatou, o ò mọ̀ pé ó wá. O ti mọ̀ báyìí.

Nígbà tí ìró alùpùpù rẹ̀ tán, ilé dákẹ́. Mo gbọ́ eku lórí àjà ní ọ̀sán gangan. Mo jókòó, mo fetí sí i. Bó ṣe máa rí nìyẹn.

Jímọ̀, 10 oṣù kẹrin

Wassilatou, jókòó dáadáa. Jẹ́ kí Al-Amin lọ ṣeré nílé kejì. Kọ gbogbo rẹ̀. Tí o kò bá lè kọ mọ́, dúró, kí o tún bẹ̀rẹ̀.

Àlejò ọjọ́ Àbámẹ́ta, Idrissou ni.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣe é tẹ̀ mọ́. Àwọn Fúlàní ló tọ́jú rẹ̀ ní gáà wọn. Kò tètè wá torí ó gbọ́ pé ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ̀, oníbọn ni wọ́n ń pè é. Ó ní òwúrọ̀ ni. Husseini ń fi koríko bo orí ebè. Ọkọ̀ náà kọjá. Husseini juwọ́ sí i. Ọkọ̀ náà lọ, ó sì padà.

Idrissou fi orúnkún wọ́ débẹ̀. Òun àti àwọn Fúlàní ló sin ín, wọ́n kírun sí i lára. Abẹ́ igi ẹmi tó ń so òrí ló wà. Mi ò bi í pé ìhà wo. Ìbéèrè tiwọn nìyẹn.

Wassilatou ti gbé bíìkì sílẹ̀. Mò ń dúró dè é.

Ó ti mú un.

Kọ eléyìí náà. Mo fi í pamọ́ fún ọ láti Àbámẹ́ta. Àfáà ní ọjọ́ tí ọkọ kú ni opó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ìròyìn dé. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ti kọjá. O ti ṣe opó tán, o ò mọ̀. Yẹtí wà létí rẹ lọ́jọ́ ọdún. O rẹ́rìn-ín nídìí ìwọ̀n. Inú bí mi. Mo ní kò sí ẹni tó jókòó ṣe opó fún ọmọ mi. Mo tún ní bí mo bá dákẹ́, o ò ní lọ, Al-Amin ò ní lọ, ilé á máa dún.

Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá ni mo ti ń bú àwọn tó mọ̀ tí wọn ò sọ fún mi. Mi ò lè bú ara mi mọ́ wọn.

Wassilatou bi mí pé ṣé òun ò wá ní jókòó rárá ni. Mo ní kò sí ẹni tó lè fi dandan mú ọ. Ó ní òun á jókòó. Mo ní títí di ìgbà wo? Ó ní, "Títí màá fi lè dìde, Ìyá."

Mo ní ó dáa. Èmi náà á jókòó tì ọ́.

Àwọn tó yẹ kó gbọ́ nìwọ̀nyí. Al-Amin ló ṣáájú, lẹ́nu rẹ, kì í ṣe lẹ́nu mi. Pe Rabiatou ọmọbìnrin mi ní Parakou. Kó má sunkún lórí fóònù, kó wọkọ̀ máa bọ̀. Biró Bassila, èmi fúnra mi ni màá lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ọjọ́. Màá fún wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ránṣẹ́ sí Soulé ará Alédjo. Bẹ́ẹ̀ ni, kọ Soulé. Kó má tíì wá. Nígbà tí o bá ti dìde, kó wá, kó kágò lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe. Kí Al-Amin má sáré jáde.

Èmi ni màá dá a lóhùn.