Àáró Tí A Ṣe Lórí Ìwé Tí O Kọ

Kaothar ọmọ mi, Àyọ̀ká,

Àsàlámù àlékùn. Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó ire ní Ọlọ́runṣògo, kí ó bá ọ níbi tí o ti jẹun yó. Ara àwa tí a wà lábúlé le, ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, òjò sì ti ba ọ̀nà Akanran jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kì í tètè dé mọ́. Alhamdulillahi. Dírẹ́bà tó ń kó gààrí wá sí Ìbàdàn ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju owó tó wà lórí fóònù mi lọ.

Zubaidah, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, ló sọ fún wa pé o pe òun, pé o ní àwọn ìwé tí ò ń kọ sórí búlọ́ọ̀gì, o fẹ́ jáwọ́ ńbẹ̀, torí pé ojoojúmọ́ tí o bá wò ó, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kà á. Mo ní ọmọ mi nìkan ló ń kọ ebè nínú oko ńlá, kò sí ẹni tó bá a dá sí i. Mo wá bi Zubaidah pé ta ni ìwọ Kaothar náà ti lọ bá ka tirẹ̀ rí, ó ní òun kò mọ̀. Mo ní ibẹ̀ gan-an ló ti wọ́. O kúkú mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé, Kaothar. Ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn kún oko òun, oko ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ gbé ọkọ́ lọ. Lọ ka ti àwọn ará búlọ́ọ̀gì yẹn, kí o kí wọn kú iṣẹ́ dáadáa, kí o má kàn yọjú kí o sì sá lọ. Bí àáró bá yí ká, yóò kàn ọ́.

Èmi náà kò káwọ́ lérí. Mo káàkiri agboolé, mo ní àáró ọmọ mi ló kàn, iṣẹ́ náà kò gba ọkọ́, etí ló gbà. Lẹ́yìn ìrun àláàsárì wọ́n pé síwájú ilé wa. Bàbá Fàtímọ̀ tilẹ̀ mú àdá dání, ó ní òun kò mọ irú oko tó lè jẹ́. Ìyá rẹ se ẹ̀wà, nítorí a kì í pe èèyàn sí àáró kí a má bọ́ wọn. Zubaidah wá ń ka ìwé náà sókè láti orí fóònù rẹ̀, èyí tí o kọ nípa ọjọ́ tí òjò ká láfún mọ́ orí àpáta, tí ìyá mi, Ìyá Àgbà rẹ, dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pè wá lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan pé ká wá kó o, tó sì pe ewúrẹ́ mọ́ wa.

Ọmọ mi, ìyá mi kú láìya fọ́tò kankan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohùn rẹ̀ nínú ara mi tí n kò rí i. Nígbà tí Zubaidah ka ibẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ó kù díẹ̀ kí n jẹ́ ẹ pé mò ń bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Kaothar, mo dúpẹ́ gidigidi, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tó kọ ọ́ rọ. Bàbá Fàtímọ̀ nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn tán, ó ní òun ni òun kọ́kọ́ gbé ẹní sáré jáde lọ́jọ́ náà, kò sì sí orúkọ òun níbẹ̀. Jọ̀ọ́, bá wa fi í sí i.

Zubaidah wá ní bí ìwé bá dùn mọ́ni, àtàǹpàkò kan wà nísàlẹ̀ tí à ń tẹ̀. Èyí yé wa dáadáa, torí bẹ́ẹ̀ náà ni a ń ṣe nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Mo sáré gbé tàdáwà ẹgbẹ́ jáde, àwọn àgbà ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù kí ọmọ ọlọ́mọ tó parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó sáré já fóònù rẹ̀ gbà. Mo ti fi kẹrosíìnì nù ún, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò.

Nígbà tó mọ́ díẹ̀, mo ní kí ó wo iye tí a jẹ́ báyìí, ó ní ẹnì kan ni. Inú bí mi. Ó ní ẹ̀rọ náà kì í ka etí, pé fóònù ló ń kà, bí gbogbo abúlé bá tilẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu òun, òun nìkan ló rí. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ fún mi pé láti ọjọ́ tí o ti bẹ̀rẹ̀ ni òun ti ń kà á fún àwọn obìnrin ilé wa nídìí agbada gààrí, láràárọ̀, òun kàn ń bẹ̀rù pé èmi yóò ní wọ́n ń fi iṣẹ́ ṣeré ni.

Nítorí náà, bí Ọlọ́run bá fi nǹkan sí ọ lọ́wọ́, fi owó dátà ránṣẹ́ sí Zubaidah, àti èyí tí yóò fi tún ojú fóònù rẹ̀ ṣe, torí iṣẹ́ tìrẹ ló ń ṣe tó fi bàjẹ́. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù, ti ẹ̀wà ni. Má sì gbàgbé pé àáró ni o, gbogbo àwọn tó gbọ́ tìrẹ ló ń retí kí o kọ tiwọn. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, kí ó má jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ níbi tí kò sí elétí. Má jáwọ́. Bí o bá tún wò ó lọ́la tí o bá ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀, kí i dáadáa.

Èmi ni bàbá rẹ, Sàníù, pẹ̀lú gbogbo àwa tí a wà nínú ẹnì kan yẹn.