Bàbá Rẹ Ní Orí Igi Kẹrin Làwọn Wà

Àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbúròó rẹ ní búburú.

Ọ̀rọ̀ kan dé bá wa nílé, ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀, ó ti parí. Ọmọbìnrin kan wá láti ọ́fíìsì, ó ní àwọn ń bi àwọn èèyàn bí ayé wọn ṣe rí. Ó gbé fóònù tó fẹ̀ bí àwo lé itan, ó ní ká ka ayé sí àkàbà onígi mẹ́wàá, ayé tó dáa jù wà lókè, èyí tó burú jù wà nísàlẹ̀, igi wo la dúró lé? Mo bi í bóyá wọ́n máa fa àwọn tó wà nísàlẹ̀ sókè ni, ó ní rárá, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo tún aṣọ mi ṣe nítorí fóònù tó ń wò mí, mo ní kó kọ ẹ̀kẹwàá. Mò ń jẹ, mò ń sùn, ọmọ mi ń ṣiṣẹ́, kí ni mo tún ń wá?

Ó kan bàbá rẹ. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní ẹ̀kẹrin.

Ọmọ mi, ó dùn mí. Ilé kan náà, ibùsùn kan náà, èmi wà lókè téńté, ọkọ mi wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ta ló ń fìyà jẹ wọ́n bí kì í bá ṣe èmi? Mo bẹ ọmọbìnrin náà pé kó pa ẹ̀kẹrin yẹn rẹ́, ó ní ó ti lọ sí ọ́fíìsì. Mo wo ojú ọ̀nà, mi ò rí ẹni tó gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo bi wọ́n. Ẹnu ya bàbá rẹ, wọ́n ní ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe ń dijú mọ́rí? Wọ́n ní gbogbo ọdún táwọn fi ń kan páànù, ẹni tó bá gun àkàbà dé òkè pátápátá kì í rí nǹkan dì mú mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n ni. Wọ́n ní lórí igi kẹrin, ọwọ́ àwọn tó òrùlé, àwọn sì ń rí ojú èmi tí mo di àkàbà mú nísàlẹ̀.

Ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì lọ gbé ọbẹ̀ wọn kaná. Tí o bá rí ọ́fíìsì náà nígboro, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ sí ẹ̀kẹrin, kí n lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi.

Awò ojú bàbá rẹ ti fọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ inú fóònù lo máa gbà fi í ránṣẹ́, jọ̀ọ́, owó tí kò rún ni kó o kó sí i.

Ilé á tù ọ́ lára, àlọ rẹ á dáa, àbọ̀ rẹ á dáa, ojú wa á rí ọ láyọ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.