Téèpù Wọn Kò Gbọdọ̀ Wọ Yàrá Bàbá

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Èmi Rasákì ni mo dọ̀bálẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo kí àwọn ìyàwó ilé wa ní Òkè-Àgbò, mo kí Àlùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, mo sì kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Sùmọ́nù. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi lọ́tẹ̀ yìí. Bọ̀ọ̀dá ló máa ń ka lẹ́tà mi fún yín, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa: ibi tí kò bá ti dùn mọ́ ọn, fífò ni yóò fò ó. Tìwé ìròyìn yìí, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé ló lè kà á fún yín, àwọn ará Òjòwò tó wà nítòsí wa náà á sì gbọ́, kí wọ́n lè ṣọ́ ilé tiwọn.

Ara mi le, ṣùgbọ́n òtútù ìlú yìí kò láàánú. Kóòtù méjì ni mò ń wọ̀ léra. Ìyá onílé mi a máa bi mí níbi tí mò ń lọ, n kì í sọ fún un, torí mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ Àìkú ló burú jù, n kì í rí ẹni bá sọ èdè wa títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun díẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́, páànù ẹ̀yìnkùlé tó ń jò ni kí ẹ fi ṣe, kì í ṣe ohun mìíràn.

Iṣẹ́ ọdẹ ni mo rí ṣe nínú mùsíọ̀mù kan. Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ àti ètò ìlú nìkan ni wọ́n kó jọ síbẹ̀. Wọ́n fi igi gbẹ́ ilé kéékèèké bí ohun ìṣeré ọmọdé, pẹ̀lú títì àti igi ẹ̀bá títì, wọ́n wá kó wọn sínú gíláàsì. Èmi ni mò ń dúró tì wọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó wù mí. Mo bi ọdẹ àgbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé àdúgbò wo ni mo ti lè lọ wo àwọn ilé náà gan-an. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti wó gbogbo wọn torí títì.

Ìgbà tí lẹ́tà Bọ̀ọ̀dá wá dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ó ní òyìnbó kan láti mùsíọ̀mù tèmi yìí bá àwọn ará kánsù àti òṣìṣẹ́ ìjọba láti Ìbàdàn wá sílé wa, wọ́n fi téèpù wọn ojúde àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì padà wá wọn inú yàrá. Ó ní wọ́n fẹ́ gbẹ́ ilé wa sí Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ ìdílé wa yóò ròkè. Ó ní ẹ̀yin fúnra yín fi gàárì àti ẹja díndín ṣe wọ́n lálejò. Ejò lọ́wọ́ nínú, Ìyá mi.

Mo lọ bá ọ̀gá wa. Ó ní wọ́n kàn fẹ́ kí ayé mọ bí Ìjẹ̀bú ṣe ń kọ́lé ni. Mo bi í bóyá títì kan ń bọ̀ lẹ́yìn téèpù. Ó ní ọ̀rọ̀ títì kì í ṣe tàwọn, ti kánsù ni. Ìdáhùn yẹn ni mi ò lè gbé mì. Bí kò bá sí títì kankan ńlẹ̀, báwo ló ṣe mọ ẹni tó ni ín?

Ìyá arúgbó òyìnbó kan wà tó máa ń wá dúró síwájú ilé kékeré kan ṣoṣo. Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ jí nǹkan. Lọ́jọ́ kan ó na ìka sí fèrèsé òkè, ó ní yàrá tí wọ́n bí òun sí nìyẹn. Ó ní àwọn tó wá wọn ilé náà ṣe jẹ́jẹ́, ìyá òun tilẹ̀ po tíì fún wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí títì gba ibẹ̀ kọjá. Ó bẹ̀ mí kí n ṣí gíláàsì, kí òun kàn fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Òfin kò gbà á, mo kọ̀ fún un, ó sì sunkún lójú mi.

Ó lè jẹ́ pé mò ń fura lásán. Bọ̀ọ̀dá á ní òtútù ti wọ̀ mí lọ́pọlọ. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ta là ń wọ̀n? Òkú là ń fi igi wọ̀n kí a tó gbẹ́lẹ̀. Bàbá sì wà nínú yàrá ọ̀tún, níbi tí ẹ ti ń kírun. Mo ti yọjú wo inú gbogbo ilé kéékèèké yìí, kò sí èyí tí wọ́n gbẹ́ ibojì sí. Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá mi.

Bí wọ́n bá tún dé, ẹ fún wọn lómi mu, àlejò ni wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tẹ́ ẹní yín sẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá, kí ẹ jókòó lé e, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ̀yin àti ọkọ yín ṣì ń gbé ibẹ̀.

Ọlọ́hun yóò fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, inú ilé náà ni n ó sì padà wá bá yín. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, ẹ kí Bọ̀ọ̀dá náà, n kò bá a jà.

Èmi ni ọmọ yín,
Rasákì