Fóòmù Tí Mo Sọ Síná

Sibdou ọmọ mi ní Wagadugu,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ibùsùn àìsàn. Ewúrẹ́ bí ìbejì, oúnjẹ kò wọ́n wa.

Dókítà ojú tó ń wá sí Yako lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní òun máa bọ́ awọ funfun ojú ìyá rẹ lọ́jọ́ Jímọ̀. Alùpùpù àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ nìkan ló lè gbé e débẹ̀, àmọ́ ó ń tu èéfín dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìyẹ fi rò pé ilẹ̀ ṣú, wọ́n wọlé sùn lọ́sàn-án gangan.

Mo gbé e lọ bá Toé mẹkáníìkì. O mọ̀ pé ẹ̀yà Samo ni, ẹ̀fẹ̀ ni àwa Mosi àti wọn ń bá ara wa ṣe láti ayé baba ńlá wa: mò ń pè é lẹ́rú, ó ń pè mí lẹ́rú, ẹnikẹ́ni kì í bínú. Ó ní eruku ọyẹ́ ti dí alùpùpù nímú, kí n fi bẹntiróò fọ fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún kabúrétọ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń pò mọ́ epo, kí n sì fi ọ́ìlì pa á lára. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ta ló ń wẹ̀ tán tó tún ń fi ọ́ìlì para? Mo ní Samo yìí fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìyá rẹ ní ṣé èmi kì í wẹ̀ tán kí n fi òrí para ni. Mo sọ fóòmù síná.

Ọmọ mi, alùpùpù fò. Ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n gbé ìyàwó rẹ̀ sá lọ. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ń yìnbọn, ẹ́ńjìnnì gbóná débi pé mo lè yan ẹ̀pà lórí rẹ̀, ó sì kú. Toé ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ báyìí, bí kò bá sí fóòmù, àfi ká wá jẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ tóbi sí i. Bàbà kékeré bí ẹyọ àgbàdo tí epo ń gba inú rẹ̀ kọjá ni jẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ 85 sí i lára. Mo ní bó bá ti dàgbà tó yẹn, kó lọ sinmi. Ó ní ihò ni wọ́n wọ̀n. Mo yọjú wo inú rẹ̀, n kò rí ẹyọ kan, ká má tíì sọ márùndínláàádọ́rùn-ún. Wagadugu nìkan ni èyí tó tóbi wà.

Toé kò bú mi. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà mí. Ó yọ fóòmù alùpùpù tirẹ̀, ó gé e, ó fọ̀ ọ́, ó fi ọ́ìlì pa á, ó fi sí tèmi. Ó ní, “Ẹrú mi, gbé ìyàwó rẹ máa lọ. Ìwọ ni mò ń fi ṣẹ̀fẹ̀, n kì í fi ojú èèyàn ṣẹ̀fẹ̀.”

A dé Yako, dókítà sì bọ́ awọ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, Toé fẹsẹ̀ rìn wá kí wa. Ìyá rẹ wò ó látòkè délẹ̀, ó ní àṣé báyìí ni Samo ṣe burẹ́wà, kí dókítà jọ̀ọ́ dá awọ òun padà. Toé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ra fóòmù méjì ránṣẹ́, tèmi àti ti Toé, kí o sì fi owó oògùn ojú, ẹgbẹ̀rún márùn-ún sefa, kún un. Má fi owó sínú fóònù mọ́. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí o fi ránṣẹ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀.

Ọlọ́run á fi ẹni tí yóò bú ọ, tí yóò sì tún yọ tirẹ̀ fún ọ, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ ní ìlú ńlá yẹn.

Èmi bàbá rẹ,
Raogo