Ohun Tó Ṣáájú, Ohun Tó Fà Á

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti lọ́kọ o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, nítorí ó ti ń jó nínú mi láti ọjọ́ tí a ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Káyọ̀dé ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rín ara rẹ̀ máa ń pa á kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi pa wá lẹ́rìn-ín, bó bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, láti ẹnu géètì ló ti ń pe orúkọ mi kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé òun níyàwó nílé. Mo ń jí láàárọ̀, mo ń wo òrùka ọwọ́ mi, mo ń dá rẹ́rìn-ín. Àbúrò yín ló fà mí lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń sáré bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin ì bá rọra rìn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Inú ilé ìdáná ni mo wà tí mo ń kọ ìwé yìí, n kò sì mọ ẹni tí mo tún lè sọ ọ́ fún.

Káyọ̀dé ti bímọ kó tó fẹ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Mofẹ́, tó wà ní Púráímárì Fọ́ọ̀ báyìí. Àǹtí ló ń pè mí. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo bẹ ìyá àgbà náà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, pé kí wọ́n jẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Agége. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ìwé rẹ̀ bá fi lè lọ sẹ́yìn lọ́wọ́ mi, àwọn á wá mú ọmọ àwọn. Ó ti lọ sẹ́yìn. Wọ́n sì ti dé láti àná, tàwọn ti báàgì.

Ìwé ìtàn kò yọ ọ́ lẹ́nu. Àyọkà tó ń sọ nípa ohun tó wà lóòótọ́ ni wàhálà, irú èyí tó ń ṣàlàyé bí òjò ṣe ń rọ̀ tàbí ìdí tí gọ́tà fi ń dí. Tíṣà wọn fẹ́ kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì sọ bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣé ó ń fi nǹkan méjì wéra ni? Ṣé ìṣòro ló sọ, tó wá sọ ojútùú rẹ̀? Mofẹ́ mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àyọkà bá kàn ń sọ ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, Mofẹ́ á ní ohun tó fa nǹkan ni wọ́n ń sọ. Ọ̀la, ọjọ́ Ajé, ni ìdánwò.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lónìí, mo gbé àyọkà kan síwájú rẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì. Inú mi dùn, nítorí iṣẹ́ yín ni, òórùn rẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì yín ni mo fi dàgbà. Wọ́n po fláwà, wọ́n gé e, wọ́n kó o sínú páànù, ó wú, wọ́n tì í sínú ààrò. Mo ní irú èwo nìyí? Ó ní ohun tó fà á ni.

“Kí ló fa kí ni?”

“Páànù ló jẹ́ kó wú.”

“Yíìsì ló jẹ́ kó wú, Mofẹ́. Páànù kàn ṣáájú ni.”

“Ohun tó bá ṣáájú náà ló máa ń fà á, Àǹtí.”

Bí ẹni tí nǹkan ṣojú rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó dorí kodò. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ tí Mọ́mì òun kú, òun sunkún pé òun ò ní lọ sílé ìwé àfi tí wọ́n bá di irun òun. Wọ́n ní ó rẹ àwọn, síbẹ̀ wọ́n dúró, wọ́n di í. Lọ́sàn-án, wọ́n wá pe òun ní kíláàsì.

“Mo ní kí wọ́n di irun fún mi, wọ́n sì kú.”

Bàbá, mo ti rò pé nítorí ooru ni ọmọ yìí ṣe ń gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ fún un? Nígbà tí ẹ pa ipò dà, dókítà ní ọkàn ni, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ooru ààrò ni, àwọn kan ní àìsùn ni. Èmi náà wá ohun tó fà á títí. Mo ṣì ń wá a. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, tí ẹ kò sọ fún wa?

Mo wá rántí bí ẹ ṣe máa ń ròyìn iṣẹ́ òru. A dáná, iná lọ, ẹnìkan sùn lọ, búrẹ́dì jáde. Bí Ìyá mi bá ní kí ló wá fà á, ẹ ó ní ẹ kò mọ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni ẹ ń sọ. Mo ní kí Mofẹ́ sọ àárọ̀ ọjọ́ yẹn bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn jí, òun wẹ̀, Mọ́mì di irun òun, àwọn jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, Mọ́mì sin òun dé ilé ìwé, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣubú. Mo ní ṣé ẹ̀wà ló pa wọ́n? Ó ní rárá. Ṣé omi tó fi wẹ̀ ni? Rárá. Irun ńkọ́? Ó ké, Bàbá. Láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, n kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Màmá sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. “Kí lo fi ṣe é? Kí lo fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ?”

Káyọ̀dé wà níbi iṣẹ́, wọ́n ní kó wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi yìí. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní ìdánwò kankan ò sí mọ́, bí ilẹ̀ ọ̀la bá ti mọ́ àwọn ń lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ rẹ̀. Mofẹ́ di ìró wọn mú.

“Màmá, ṣé irun mi kọ́ ló pa Mọ́mì?”

Wọ́n fìdí lé bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ọmọ mi. Ó ti wà lára rẹ̀ kó tó bí ẹ. Èmi ni mo máa ń bá a ra oògùn rẹ̀.”

“Ṣé irun mi kàn ṣáájú ni?”

Ìbéèrè náà kò yé Màmá. Wọ́n wojú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kàn ṣáájú ni.

Mo jáde fún wọn. Àwọn méjèèjì ṣì wà nínú yàrá. Wọn kò tú aṣọ tí wọ́n ti kó, wọn kò sì kó èyí tó kù. N kò lè lọ bẹ̀ wọ́n, nítorí n kò mọ ibi tí ẹ̀bẹ̀ náà á ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa yọ̀ ọ́ nìṣó bí ọmọ yìí bá lọ? Ẹ bá mi bẹ Màmá, bí ọ̀rọ̀ yín bá lè dé etí wọn.

Wọ́n ń pè mí. Màmá ló ń béèrè láti inú yàrá: “Ìyàwó, aago mélòó ni wọ́n ń wọlé níbi ilé ìwé yẹn?”

Mo ti dá wọn lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ yúnífọ́ọ̀mù Mofẹ́ sílẹ̀ de ìdánwò ọ̀la.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín jù, ìyàwó Káyọ̀dé, Àǹtí Mofẹ́.