Bàbá, Ẹ Gbà Mí Láyè Kí N Dáhùn

Bàbá mi àtàtà,

Àkọ́bí yín ló ń kí yín láti àdúgbò Basin níbí. Irun mi ti funfun ju tiyín lọ nígbà tí ẹ kú. Ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí, torí oko lẹ mú mi lọ, ẹ ò mú mi lọ sílé ìwé.

Sàlámátù, ọmọ mi obìnrin, ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Jíddà. Tẹlifóònù ló fi ń wá mi lọ́sàn-án, nígbà tó jẹ́ èmi nìkan ló wà nílé. Mo máa ń gbé e, mo máa ń gbọ́ ọ, ẹnu mi ni kì í là. Ṣé ẹ rántí èèwọ̀ yín? Ẹ ní ohùn tí a kò bá rí olóhùn, a kì í fi ẹnu dá a lóhùn. Àbúrò yín dáhùn ọ̀kan lóko, kò bá wa kírun Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Látìgbà náà, bí ẹ bá pè mí láti ìsàlẹ̀ oko, ọkọ́ ni mo fi ń lu òkúta, ẹ ó sì mọ̀ pé mo ti gbọ́.

Àwọn olùkọ́ kan ní yunifásítì pe àwa arúgbó jọ, pé ká wá sọ bó ṣe yẹ kí tẹlifóònù àgbàlagbà rí. Wọ́n ti ṣe nọ́ńbà rẹ̀ tóbi bí páálí ìṣáná. Mo ní ojú kọ́ ló ń dùn mí. Kí wọ́n fi ohun tí èèyàn lè tẹ̀ sí i, tí yóò máa dún kó, kó, bí ọkọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín: “Àgbẹ̀, ṣé ebè lo fẹ́ kọ sínú wáyà ni?” Síbẹ̀ wọ́n ṣe é, wọ́n ní kí n máa dán ọ̀kan wò.

Ìgboro la bí Sàlámátù sí, kò mọ èdè ọkọ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ kó, kó, á rò pé wáyà ló bàjẹ́. Ìyàwó ọmọ mi bá a sọ̀rọ̀ ní Sátidé, pé mo wà láàyè. Kò gbà. Ó mọ̀ bí a ṣe ń fi ikú pamọ́ fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Lánàá, ó ń sunkún sí mi létí, ó ní kí ẹni tó gbé e ṣàánú òun: ṣé a ti sin Bàbá òun ni?

Mo ya ẹnu, ohùn kò jáde. Alùfáà ní èèwọ̀ yín kì í ṣe ẹ̀sìn. Èmi náà mọ̀, ọ̀fun mi ni kò mọ̀. Ẹ tú mi sílẹ̀, Bàbá. Àbí ẹ̀yin náà kì í dá ohùn tí ẹ kò bá rí olóhùn rẹ̀ lóhùn?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì ṣàìgbọràn sí yín rí.